Irun Àgbọ̀n, Awọ Dúdú àti Lésà: Àgbéyẹ̀wò láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Obìnrin pọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé dígí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá láàárọ̀, kí ará ilé kankan tó jí. Irun ni wọ́n ń bá jà: irun abẹ́ àgbọ̀n, irun òkè ètè, irun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, nígbà mìíràn irun àyà àti ti abẹ́ ìdodo. Bí wọ́n bá fá a lónìí, ọ̀la ni yóò tún yọrí. Wọn kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀. Nígbà tí ìpolówó bá wá dé ojú fóònù wọn pé iná lésà yóò jó irun náà dànù, tí kò ní hù mọ́ títí láé, ta ni kò ní fẹ́ gbọ́?

Ibi tí mo fàbọ̀ sí lórí ọ̀rọ̀ yìí rèé: lésà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n fún aláwọ̀ dúdú, irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò àti ọwọ́ tó mú un ló ń pinnu bóyá ìtura ni yóò mú wá tàbí àpá. Fún obìnrin tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀, tó ń le sí i, owó àkọ́kọ́ kò tọ́ sí onílésà rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tọ́ sí.

Kí lésà tó dé la ti ń fá irun. Àwọn onígbàjámọ̀ fi abẹ fá orí àti irùngbọ̀n àwọn bàbá wa. Lónìí, abẹ Tiger, réésà oníke, ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun àti ìpara afárun kò wọ́n ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú tàbí ní Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, àwọn kan sì ń se ṣúgà pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nílé, wọ́n á fi fa irun náà tu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìyà tirẹ̀. Ìpara afárun a máa jó ojú bó bá pẹ́ jù lára. Ẹ̀mú a máa já irun sínú awọ. Abẹ ló rọrùn jù, irọ́ sì ni pé ó ń mú irun pọ̀ tàbí kó nípọn. Irun tí a kò fá rí a máa tín-ín-rín lórí. Èyí tí abẹ gé ti kú lẹ́nu, ìyẹn ló fi ń gún ni lọ́wọ́ bó bá tún yọ.

Wàhálà abẹ lára aláwọ̀ dúdú wà ní ibòmíràn. Irun tiwa ti lọ́ láti inú gbòǹgbò wá. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀, tó tún ń hù bọ̀, yóò tẹ̀ kọdọrọ, orí rẹ̀ á yí padà sójú awọ, á sì gún un wọlé. Ara á rí i bí ohun àjèjì. Ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á di kókó, nígbà mìíràn á gbọyún. Bó bá san, ojú dúdú ni yóò fi sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń rí i lọ́rùn, wọ́n sì ń pè é ní bọ́ǹpùsì. Obìnrin tó ń fá àgbọ̀n lójoojúmọ́ ń rí i náà, àtíkè ló sì fi ń bò ó. Lẹ́yìn orí àwọn ọkùnrin kan, níbi tí àwọn agẹrun ti ń fá a kanlẹ̀, kókó náà lè di àpá líle tí irun kì í hù lórí rẹ̀ mọ́. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn kò gba owó: kí wọ́n yé fá a kanlẹ̀, kí wọ́n fi clipper gé e, kí irun ṣẹ́kù díẹ̀ lókè awọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní obìnrin onírùngbọ̀n a máa lówó lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní alágídí ni, tàbí kí wọ́n pè é ní orúkọ tí kò ṣeé gbọ́ sétí. Èyí tó ń yìn ín àti èyí tó ń bú u, ibì kan náà ni wọ́n ń bá a dé: wọn kì í jẹ́ kó rí ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún láti kékeré pé oríire ló hù sí i lágbọ̀n, kí ló fẹ́ wá lọ sọ fún dókítà?

Bẹ́ẹ̀ irun yìí lè jẹ́ ìròyìn tí ara ń mú wá. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú họ́mọ́ònù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin. Bó bá pọ̀ jù, tàbí bí gbòǹgbò irun bá ń gbọ́ ìpè rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, irun fúlẹ́fúlẹ́ á di irun líle dúdú ní àwọn ibi tí ọkùnrin ti ń hu tirẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á ni PCOS, àìsàn họ́mọ́ònù tó ń da iṣẹ́ ilé ẹyin rú, tí dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, kọ nípa rẹ̀ ní 1935. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in, àti pé ó tó 70 nínú 100 wọn tí kò mọ̀. Nǹkan oṣù wọn kì í wá déédéé. Irorẹ́ kì í fi ojú wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sanra láìmọ ìdí, oyún sì ń pẹ́ kó tó dúró, títí tí ìyá ọkọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èyí tí kò hàn sójú ló tún wúwo jù: ínsúlíìnì kì í ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lára ọ̀pọ̀ wọn, àtọ̀gbẹ sì lè tètè wá. Bí nǹkan oṣù bá ń fo oṣù mẹ́ta, mẹ́rin láìsí ìtọ́jú, ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ á pọ̀ sí i. Lésà lè sọ àgbọ̀n obìnrin yìí di dídán, kó má sì fọwọ́ kan ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá gan-an nìyẹn.

Irú kan wà tí kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé rárá. Bí irun bá dé lójijì, tó tàn kálẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn obìnrin náà ń ki, tí iwájú orí rẹ̀ ń pá, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dá, ó lè jẹ́ pé kókó kan ló ń dàgbà nínú ilé ẹyin tàbí nínú ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Dókítà lè béèrè nípa nǹkan oṣù, kó wo irun ní ibi mẹ́sàn-án lára, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo sí mẹ́rin. Ìwọ̀n tí Ferriman àti Gallwey gbé jáde ní 1961 ni, tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn tún ṣe. Ó lè kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù, bí ọ̀rọ̀ bá sì ju tibẹ̀ lọ, kó kọ lẹ́tà sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Gbogbo èyí ló yẹ kó ṣáájú lésà, bí obìnrin náà tilẹ̀ ti pinnu pé òun yóò ṣe é.

Ìpara ìbóra náà ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́ síta. Púpọ̀ nínú ìpara tí wọ́n ń pò pọ̀ kiri fún ìbóra ló ní steroid líle bíi clobetasol nínú. Steroid yìí ń jẹ awọ tín-ín-rín, ó ń mú irorẹ́ jáde, ó sì ń hu irun sójú. Obìnrin á rí irun, á sá lọ bá onílésà, kò sì ní rántí so ó mọ́ ìpara tó ń fi pa ojú láràárọ̀. Awọ tí kò lágbára mọ́ ni wọ́n wá fẹ́ tan iná sí yìí. Onílésà tó bá mọṣẹ́ yóò béèrè ohun tí ẹ ń fi para kó tó tan ẹ̀rọ. Ẹ má purọ́ fún un.

Báwo ni iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ní 1983, Rox Anderson àti John Parrish, dókítà awọ ara ní Boston, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé a lè yan irú ìmọ́lẹ̀ tí ohun kan ṣoṣo nínú awọ yóò gbà mu, tí ìyókù kò ní fara gbá. Orí ìmọ̀ yìí ni wọ́n kọ́ lésà irun lé. Mẹ́lánìn, ohun tó sọ irun di dúdú, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ á di ooru, ooru á sun gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n mẹ́lánìn kan náà ló sọ awọ wa di dúdú. Ẹ̀rọ tí kò bá lè fo awọ lójú kó tó dé ìdí irun, awọ ni yóò sun. Ìdí nìyẹn tí lésà ruby, tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún irun láwọn ọdún 1990, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 694, kò fi jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú.

Bí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ bá ti ń ga sí i ni yóò máa fo ojú awọ tí yóò sì máa wọ inú lọ. Lésà tí wọ́n ń pè ní Alexandrite wà ní 755, diode ní nǹkan bí 810, Nd:YAG ní 1064. Thomas Fitzpatrick ti Harvard ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín awọ ènìyàn sí ìsọ̀rí ní 1975, ìsọ̀rí náà sì di mẹ́fà nígbẹ̀yìn. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa wà. Fún ìsọ̀rí méjì wọ̀nyí, Nd:YAG ni àwọn dókítà fọkàn tán jù. Diode ṣeé lò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú. Alexandrite léwu fún wa. IPL kì í tilẹ̀ ṣe lésà: ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi ló ń tú jáde pa pọ̀, awọ dúdú ló sì ń kọ́kọ́ gbà á. Ẹ̀rọ IPL kéékèèké tí wọ́n ń tà fún ìlò ilé ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìlò Philips Lumea, ọ̀kan nínú wọn, fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú jù lọ má lò ó. Nítorí náà, èmi kò ní kọ́kọ́ béèrè iye owó lọ́wọ́ onílésà. Ẹ̀rọ wo ni, nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi mélòó lẹ ti ṣe? Ẹni tó bá dáhùn pé ẹ̀rọ òun bá gbogbo awọ mu, kí a dìde níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé Nd:YAG ń ṣiṣẹ́ lára wa. Ní 2001, dókítà awọ Tina Alster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington fi tọ́jú obìnrin 20 tí awọ wọn dúdú, ẹ̀ẹ̀mẹta, oṣù kan sí ara wọn. Irun wọn dín kù gan-an, abíyá ló sì gbọ́ràn jù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Victor Ross àti àwọn dókítà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò ó fún bọ́ǹpùsì, kókó náà sì dín kù. Ṣùgbọ́n ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2005 ló wọ̀ mí lára jù. Obìnrin 88 tó ní PCOS ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún ní iná tó lágbára tó, àkókò tí wọ́n fi ń bá irun jà lọ́sẹ̀ kan já wálẹ̀ láti ìṣẹ́jú 112 sí 21, ìdààmú ọkàn wọn náà sì dín kù. Wákàtí méjì ó dín díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, níwájú dígí, nínú ìtìjú! Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní fáàrí, ẹ ro ìyẹn wò.

Ẹ kíyè sí i pé dídín kù ni mo ń wí. FDA, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lésà sọ ju pé irun yóò dín kù fún ìgbà pípẹ́. Irun kì í hù lẹ́ẹ̀kan náà: òmíràn ń dàgbà, òmíràn ń sinmi, èyí tó ń dàgbà nìkan ni iná ń rí mú. Ìdí tó fi ń gba ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ sí ara wọn, lẹ́yìn náà a ó tún máa padà lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí họ́mọ́ònù rẹ̀ kò tíì rójú, àwọn irun tuntun á máa yọ bí ti àtijọ́ ṣe ń kú. Nígbà mìíràn pàápàá, lójú àti lọ́rùn, iná náà lè ta irun fúlẹ́fúlẹ́ jí, kó di líle ju ti tẹ́lẹ̀. Irú obìnrin tó ń wá lésà lójú méjèèjì ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an kò le. Ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ ó ti fá irun náà. Ẹ kò gbọdọ̀ tu ú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tó ṣáájú, torí gbòǹgbò ni iná ń wá, ẹ̀yin ti fà á jù nù. Kó tó di ọjọ́ yìí, wọ́n á ti ta iná díẹ̀ sí ibi kékeré kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á sì ti dúró fún wákàtí 48 ó kéré tán, torí awọ dúdú kì í tètè sọ ohun tó ṣe é. Wọ́n á fi awò dúdú bo ojú yín, onílésà náà á wọ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tàbí gíláàsì tútù á máa tu awọ lára bí iná ṣe ń ta. Yóò máa ta yín pá, pá, òórùn irun jíjó á sì gba yàrá. Ìtútù yẹn ni ààbò yín. Bí iná ìjọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì gbé e, kí onílésà dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n díẹ̀, á wú lẹ́sẹ̀ irun kọ̀ọ̀kan, á sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan méjì. Bó bá roro, tó tú lójú bíi ti iná omi gbígbóná, iná ti pọ̀ jù nìyẹn. Kí ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ohun kan wà tí ìwé òyìnbó kì í sọ fún wa. Ìwé wọn ní kí a má ta lésà sórí àwòrán ara, torí àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ á gba iná náà, á sì jó awọ. Lọ́dọ̀ tiwa, gbẹ́rẹ́ ńkọ́? Ètù dúdú tí a fi ra gbẹ́rẹ́ lórí àyà, lẹ́yìn ọrùn tàbí lọ́wọ́, èédú wà nínú rẹ̀, èédú sì ń gba gbogbo irú ìmọ́lẹ̀ lésà. Fínfín apá àwọn ìyá wa bẹ́ẹ̀. Kí a fi han onílésà, kó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àpá tó ń wú, tó ń dàgbà ju ojú ọgbẹ́ lọ, tún wọ́pọ̀ lára wa, Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1973 ọ̀mọ̀wé Omo-Dare kọ nípa ìmọ̀ Yorùbá lórí rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ihò etí rẹ̀ ti wú bẹ́ẹ̀ rí, kó sọ ọ́ kí iná tó kàn án.

Ta ló mú ẹ̀rọ lọ́wọ́? Ní ìpínlẹ̀ Èkó, HEFAMAA ló ń fún ilé ìwòsàn aládàáni níwèé àṣẹ, a sì lè béèrè ìwé náà. Ilé ìṣaralóge tó ra ẹ̀rọ lónìí, tó gba àwọn ọmọge sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ní 2020, FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa ní Lẹ́kì lẹ́yìn ẹ̀sùn àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn, kì í ṣe lésà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé dídán àti ọmọlẹ́yìn rẹpẹtẹ lórí Instagram kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́kì, Victoria Island àti Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ gidi wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le fún wa. Ará Ìkòròdú lè wọ bọ́ọ̀sì BRT, tó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti 2015, tàbí kó wọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó lọ sí Fálómo. Ará Ẹ̀pẹ́ ní títì Lẹ́kì, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àjá níwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà bọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ọjà tó fò. Kí a kó gbogbo rẹ̀ mọ́ owó lésà, kí a tó san ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣe méjì tó dúró, irun rẹ̀ á padà, owó rẹ̀ kò ní padà. Ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Òluwo ní Ẹ̀pẹ́, tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀, tún ní ìṣòro mìíràn: awọ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn kì í fẹ́ oòrùn, bó bá rí i, ó lè dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fìlà tó fẹ̀ àti ìpara oòrùn di dandan. Bí kò bá lè ṣe é, kó má bẹ̀rẹ̀ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn.

Fún ẹni tí lésà kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, nǹkan mìíràn wà. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan ń dín họ́mọ́ònù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin yẹn kù, spironolactone ń dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ wọ́n, ó tó oṣù mẹ́fà kí irun tó fi hàn, spironolactone kò sì yẹ fún ẹni tó lóyún tàbí tó ń retí rẹ̀. Obìnrin tó bá sì fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò sí ewu, ọ̀rọ̀ ti parí. Harnaam Kaur, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní PCOS, dá irùngbọ̀n rẹ̀ sí, Guinness World Records sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn ìyá tó ti lé ní 50 ni lésà kò lè ràn lọ́wọ́ púpọ̀. Bí nǹkan oṣù bá dá, irun díẹ̀ máa ń yọ lágbọ̀n, lára èyí tó yọ, àwọn kan ti funfun. Irun funfun kò ní mẹ́lánìn, iná kò rí nǹkan kan gbá mú níbẹ̀, ẹni tó bá gba owó wọn lé e lórí ti rẹ́ wọn jẹ. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín oníná, tí dókítà ojú kan ní St. Louis, Charles Michel, kọ́kọ́ fi tọ́jú irun ìpéǹpéjú tó hù wọnú ní 1875, ló lè pa irú irun bẹ́ẹ̀ ní gbòǹgbò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìwo àwọ̀ rẹ̀. Ó ń pẹ́, ó ń dunni díẹ̀, ó sì lè fi àpá sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Fún irun mẹ́ta mẹ́rin lágbọ̀n ìyá àgbà, sísọ́ọ̀sì kékeré tí kò mú jù, ní òwúrọ̀ tó bá wù ú, ti tó.